Ìwé Tó Ní Òun Kò Mọ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka ìwé ní èbúté Áńtíwẹ́pù.
Ìwé ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Mo fimú fà á:
ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í rùn bí ọ̀dà.
Ìwé ní bàtà ni. Mo gbé páálí:
bàtà kì í wúwo tó báyẹn.
Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lóṣù Kẹta,
tí mo ní n óò ra òrùka sí ìka ara mi
(Diederik tí ì bá rà á ti bá ẹlòmíràn lọ sí Gẹ́ńtì,
kí ọ̀nà ó dáa fún un),
tí àbúrò mi Godelieve ní, "Mechtild,
ṣáà ti gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn, kọ́kàn rẹ balẹ̀,"
mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Dáyámọ́ńdì aláwọ̀ ewé ni mo fẹ́.
Kì í ṣe àwọ̀ ẹ̀fọ́ tó sùn sínú ìkòkò.
Bí odò Sikẹ́ldì ṣe máa ń rí ni mo ń wí,
fún ìṣẹ́jú méjì péré, lẹ́yìn òjò,
kí ojú ọ̀run tó tún pa dé.

Ṣọ́ọ̀bù kìíní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin:
gílóòbù mẹ́tàlá ló ń tàn sórí òkúta kan ṣoṣo.
Ẹ̀rín ọkùnrin tó ń tà á pọ̀ ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.
Ó tẹ́ ìwé sílẹ̀ kó tó gbé òkúta jáde,
bí ẹni tó ń yin ọmọ tí a kò tíì bí.
Àwọ̀: ó jinlẹ̀. Orísun àwọ̀: àdámọ́.
Èdìdì aláwọ̀ wúrà, ìbuwọ́lù, nọ́ńbà gbọọrọ.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní awò yín."
Wọ́n máa ń fín nọ́ńbà ìwé sí etí òkúta,
ó tín-ín-rín ju ẹsẹ̀ eṣinṣin lọ.
Mo kà á bí mo ṣe ń ka ara kọ̀nténà.
Lórí ìwé, ọ̀kan ló kẹ́yìn.
Létí òkúta, méje.
Ìwé kò purọ́. Òkúta kò purọ́.
Àwọn méjèèjì ni kò mọ ara wọn rí.
Ó ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni.
Mo ní, "Ohun tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ máa ń sọ náà nìyẹn."
Mo mú agbòjò mi.

Kantilal Zaveri kò tan iná.
Àjà kejì, yàrá tóóró, fèrèsé kan tó kọjú sí àríwá.
Ó tú òkúta sórí bébà funfun,
ó ní, "Ẹ wò ó ná. Ìwé lè dúró, kì í rẹ̀ ẹ́."
Òjò ń rọ̀. Òjò dá.
Odò mi sì wà níbẹ̀,
nínú ohun tí kò tó hóró ẹ̀wà.
Ó bu tíì fún mi. Atalẹ̀ inú rẹ̀ ta mí lẹ́nu.

Ìgbà yẹn ló wá fa ìwé yọ, bí ẹni ojú ń tì.
Nọ́ńbà bára mu; ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á.
Orísun àwọ̀:
mo dúró, mo nu awò ojú mi.
"A kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀."

Zaveri ní, "Ilẹ̀ lè fi àìmọye ọdún pa á láró báyìí.
Èèyàn náà lè fi ẹ̀rọ ṣe é láàárín ọjọ́ díẹ̀.
Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò wò ó títí, ó sú wọn.
Ìdí nìyí tówó rẹ̀ fi wálẹ̀.
Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mu tíì yín tán, ẹ máa lọ."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n!
Ìwé tí mo ti lu lóǹtẹ̀ á kún yàrá yìí dé àjà:
ìwé ọkọ̀, ìwé ẹrù,
ẹ jẹ́ kí n ka ìwé ìgbéyàwó mi mọ́ ọn.
Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lanu rí pé
òun kò mọ̀.

Mo sanwó.

Nínú táràmù, Godelieve gbá ọwọ́ mi mú:
"Ṣé ojúlówó ni?"
Mo gbé ìka sójú fèrèsé. Òkùnkùn ti ń ṣú,
òkúta náà dá bí omi lásán, kò láwọ̀ kankan.
Mo ní, "Dúró ná,
jẹ́ kí òjò ó dá."